ÌKÚNLẸ̀ ABIYAMỌ ÀTI ÌRORA Ẹ̀YÌN IṢẸ́ ABẸ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

 

Nígbà tí akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín máa retí ọ̀rọ̀ lórí ibà, tàbí omi mímu, tàbí ìmọ́tótó. Nǹkan gidi ni wọ̀nyí, a sì ti sọ̀rọ̀ lórí wọn rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Èyí tí ó dùn wá ni a mú wá: ìrora tí obìnrin ń jẹ lẹ́yìn tí a bá ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ inú rẹ̀ jáde, àti ọ̀nà kan tí a fi lè dín in kù, èyí tí í ṣe oògùn ìrora díẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń fi kún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ tí ó mọ iyì abiyamọ ni ilẹ̀ wa yìí. Ẹ wo iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa. Aréògún ti Ọ̀sì jáde láyé ní ọdún 1954. Bámigbóyè, àgbà agbẹ́gilére ti agbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀, ni Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ tí wọ́n fi ṣe àfihàn ní ọdún 2022. Ère ìyá tí ó kúnlẹ̀, àti ère ìyá tí ó pọn ọmọ, wà lára ohun tí ó sọ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére agbègbè wa di olókìkí. Bí a bá sì fẹ́ bẹ ẹni tí inú ń bí, tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Ìbéèrè wa lónìí ni pé, àwa tí a ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ènìyàn, kí ni a ń ṣe fún abiyamọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀ tí kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà?

A óò bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwa. Kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni sùn. Bí ẹ̀bi bá wà, tiwa ni a óò kọ́kọ́ kà.

Ọmọbìnrin wa àkọ́bí rọbí oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ọ̀sán kan àti òru kan, ọmọ kò wá. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kì yóò dárúkọ, àwọn oníṣègùn sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ṣe é dáadáa: ọmọ ké, ìyá yè. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lẹ́yìn kò jẹ́ kí ó mọ ìgbà tí ọ̀bẹ kàn án. A dúpẹ́, a sì jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí agbára abẹ́rẹ́ náà sì tán, ìrora dé. Kò lè wú ikọ́, kò lè yí padà, kò lè mí kanlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìdí tí dókítà kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa gún un ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó rí i gbà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ó ké, ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi í pé, “Ṣé orí rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?” Àwa ìyá rẹ̀ tí a jókòó tì í ńkọ́? Ohun tí a sọ fún un ni pé, “Mú ọkàn le, gbogbo abiyamọ ni ó ń jẹ ẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni àwa kò jẹ irú rẹ̀ rí, nítorí pé a kò fi abẹ bí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ wa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ tuntun fi ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lè gbé e sí ọyàn fúnra rẹ̀.

Ohun tí ìrora yẹn ṣe kò tán síbẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún lóyún. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bí inú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kí ó má ṣe jókòó sílé, nítorí ojú àpá tí ó wà lára ilé-ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lóru, ó dákẹ́. Ó fi pa mọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó fi pa mọ́ fún wa, títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, “Màmá, òru ọjọ́ yẹn ni mo rántí.”

Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí ó ti kù díẹ̀. Ojú àpá àtijọ́ lè fà ya bí ìrọbí bá pẹ́ lórí rẹ̀, ìyá àti ọmọ a sì lè lọ pọ̀. Ọlọ́run ni ó yọ wá. A gbé e gba ọ̀nà Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo dé ilé ìwòsàn mìíràn. Níbẹ̀, dókítà tí ń pa ìmọ̀lára kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí dókítà akunilóorun, dúró tì í, ó sì sọ fún un pé òun yóò fi oògùn díẹ̀ kún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò bá a lo òru náà já. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ wa jókòó, ó mu tíì, ó gbé ọmọ sí ọyàn. Imú ni ó ń yún un, tí a fi ń bá a rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì wá wò ó láti ìgbà dé ìgbà, ó ń ka iye èémí rẹ̀, ó ń pè é lórúkọ kí ó lè mọ̀ bóyá yóò dáhùn. Ní òwúrọ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wẹ̀.

Obìnrin kan náà ni, ikùn kan náà ni, irú iṣẹ́ abẹ kan náà ni. Ohun tí ó ya òru kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára òru kejì kò ju méjì lọ: oògùn díẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tí kò sùn. Lórí ohun méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, a kò lè rí ohun tí ó ṣiṣẹ́ kí a má bèèrè bí ó ṣe ṣiṣẹ́. A bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, a sì kàwé.

Ihò kan wà láàárín egungun ẹ̀yìn wa, tí ó ti ọrùn lọ sí ìsàlẹ̀. Inú ihò yìí ni okùn ìmọ̀lára wà, èyí tí ó ti inú ọpọlọ wá, omi mímọ́ gaara kan sì yí i ká. Gbogbo ìròyìn tí ó ń ti ikùn àti ẹsẹ̀ bọ̀, ìbáà ṣe ti ooru, ti òtútù tàbí ti ìrora, okùn yìí ni ó ń gbà dé ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ti ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n okùn náà kò gùn dé ìdí. Nínú àgbàlagbà, òkè ìbàdí ni ó ti parí. Omi àti àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ó kù nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn ni dókítà ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀, kí ó má baà kan okùn náà. Nítorí náà, ìbẹ̀rù àwọn tí ń sọ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yóò sọ obìnrin di arọ pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Irú ewu bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Orí lè máa fọ́ àwọn mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti òde òní sì ti dín ìyẹn náà kù púpọ̀.

Dókítà ará Jámánì kan, August Bier, ni ó kọ́kọ́ fi irú abẹ́rẹ́ yìí pa ìmọ̀lára fún iṣẹ́ abẹ, ní ìlú Kiel, ní ọdún 1898. Oògùn apàmọ̀lára tí a ń lò báyìí ń dí gbogbo ọ̀nà pa pátápátá: ìrora kò kọjá, ẹsẹ̀ pàápàá kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n nǹkan bí wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ni agbára rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ṣí, ìròyìn ojú ọgbẹ́ a sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí wákàtí 24 àkọ́kọ́ fi le jù fún obìnrin tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Ibí yìí ni mọ́fíìnì ti wọlé. Inú oje òdòdó poppy ni oògùn yìí ti wá. Ará Jámánì mìíràn, Sertürner, ni ó yọ ọ́ jáde kúrò nínú oje náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó pẹ́ kí a tó mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé àwọn ibì kan wà nínú ọpọlọ tí mọ́fíìnì ń wọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ àgádágodo. A sì rí i pé irú ibẹ̀ wà nínú okùn ìmọ̀lára pẹ̀lú. Ní ọdún 1979, dókítà Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi mọ́fíìnì díẹ̀ sínú omi ẹ̀yìn àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń fìyà jẹ, ara sì tù wọ́n fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ.

Ẹ wo bí oògùn náà ti kéré tó. Láàárín mílígíráàmù 0.05 àti 0.15 ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń lò fún ìyá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí a bá mú 0.1, tí a sì fi wé wóró paracetamol kan tí ó jẹ́ mílígíráàmù 500, a óò rí i pé ìdá kan péré nínú 5,000 ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Nítorí pé ẹnu ọ̀nà gan-an ni a gbé oògùn náà sí, díẹ̀ yẹn tó. Ó máa ń tó nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa, nítorí náà nígbà tí agbára oògùn àkọ́kọ́ bá ń tán lọ, òun ti dúró sí ipò rẹ̀. Yóò sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 títí dé 24. Kì í pa ẹsẹ̀. Ìyá lè dìde, kí ó rìn. Èyí tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ọyàn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní kí ìyá má fún ọmọ lọ́yàn. Oògùn mìíràn nínú ẹbí rẹ̀, fentanyl, yára ju òun lọ, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni ó ń lò; ìgbà iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ni ó wúlò jù.

Àwọn ènìyàn yóò bi wá pé, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ni ó fi ìrora sí ọ̀ràn ìbímọ ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1847, nígbà tí dókítà Simpson ní ìlú Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn dín ìrora ìrọbí kù, àwọn kan fi ọ̀rọ̀ tí a sọ fún Éfà takò ó. Simpson fi ìtàn Ádámù dá wọn lóhùn: kí Ọlọ́run tó yọ egungun ìhà ọkùnrin náà, Ó kọ́kọ́ mú kí ó sun oorun ìjìkà. Àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú mọ èyí. Ní ọdún 1879, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Felkin rí i ní ilẹ̀ Bunyoro, èyí tí ó wà ní Uganda nísinsìnyí, bí oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe la ikùn gbé ọmọ jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kọ́kọ́ fún obìnrin náà ní ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ìyá àti ọmọ sì yè. Ẹni tí ó ronú kan ìrora kí ó tó mú ọ̀bẹ, ojúlówó oníṣègùn nìyẹn, ì báà jẹ́ dúdú tàbí funfun.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ṣé mọ́fíìnì yìí kì í ṣe ọmọ ìyá oògùn olóró tí ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́?” Òótọ́ ni pé ẹbí kan ni wọ́n. Gbogbo wa ni a rí ohun tí kodéènì ṣe, tí ìjọba àpapọ̀ fi gbẹ́sẹ̀ lé oògùn ikọ́ tí kodéènì wà nínú rẹ̀ ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí dókítà fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìyá ọlọ́mọ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kò jọ ìgò tí ọ̀dọ́ ń mu ní kọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu ni a lè fi ṣe ènìyàn léṣe. A kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kó ọ̀bẹ kúrò nínú ilé ìdáná.

A kò níí fi ewu rẹ̀ pa mọ́ fún yín, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣìnà. Ara yíyún ni ó wọ́pọ̀ jù, pàápàá ní ojú àti imú. Èébì lè gbé àwọn mìíràn, ìtọ̀ sì lè ṣòro láti tọ̀. Wọ̀nyí ní oògùn tiwọn, wọ́n sì máa ń kọjá lọ. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tí ó lágbára ni kí èémí máa falẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Nítorí èyí ni nọ́ọ̀sì fi gbọdọ̀ máa ka èémí aláìsàn ní wákàtí kan tàbí méjì síra wọn, kí ó sì máa wò ó bóyá ó rọrùn láti jí. Bí èémí bá lọ sílẹ̀ ju 10 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí oorun rẹ̀ wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, kí a pe dókítà kíákíá. Ọ́síjìn gbọdọ̀ wà nítòsí, àti naloxone, oògùn tí ń lé mọ́fíìnì kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún ìyá náà ní oògùn oorun, tàbí abẹ́rẹ́ ìrora líle mìíràn, tàbí àgbo láti ilé, láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Mọ́fíìnì tí a ń lò fún ẹ̀yìn pẹ̀lú gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní èròjà ìpamọ́ nínú. Kì í ṣe gbogbo ìgò ni ó yẹ.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ilé ìwòsàn tí kò ní ẹni tí yóò ṣọ́ aláìsàn lóru máa fi mọ́fíìnì sí ẹ̀yìn obìnrin. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Níbi tí èyí kò bá tíì ṣeé ṣe, paracetamol àti diclofenac tí a bá fún ìyá ní wákàtí tí ó yẹ, láì dúró di ìgbà tí ó bá ké, lè dín ìrora kù púpọ̀. Kí ẹni tí ó bá ní ọgbẹ́ inú, asthma tàbí àrùn kíndìnrín sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí pé diclofenac lè má bá wọn lára mu. Oògùn apàmọ̀lára tí a fi yí ojú ọgbẹ́ ká pẹ̀lú ń ṣèrànwọ́. Níbi tí mọ́fíìnì bá sì wà, paracetamol àti diclofenac ni a ń fi tì í lẹ́yìn, kí díẹ̀ lè tó.

Kì í ṣe pé àwọn oníṣègùn tiwa kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2003, Kolawole àti Fawole tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin, nínú ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, ẹni tí ó jẹ́ dókítà akunilóorun, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí a má ṣe máa fi ìrora aláìsàn ṣeré ní Nàìjíríà. Ìmọ̀ wà, àìtó oògùn àti àìtó òṣìṣẹ́ ni ó ń dá wa dúró. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tí wọ́n ṣe ìwádìí fún ìwé Lancet ní ọdún 2017 ṣírò rẹ̀ pé nínú tọ́ọ̀nù 298.5 oògùn ìdílé mọ́fíìnì tí a ń pín káàkiri ayé lọ́dọọdún, ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan péré ni ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́fíìnì ti wà nínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ láti ọdún 1977.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀mí, kì í ṣe ìtura nìkan. Àwọn àgbà oníṣègùn àgbáyé ti sọ láti ọdún 1985 pé, nínú 100 ìbímọ, ó yẹ kí iṣẹ́ abẹ wà láàárín 10 àti 15. Ìwádìí tí ìjọba wa ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 péré ni tiwa ní Nàìjíríà. Owó wà lára ìdí rẹ̀, ọ̀nà tí kò dára wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pẹ̀lú wà lára rẹ̀. Ìtàn òru kan tí obìnrin kan sọ ní odò tàbí ní ọjà lè mú kí obìnrin mẹ́wàá jókòó sílé nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò ní lọ́wọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá sanwó ọ̀bẹ tán, a gbọ́dọ̀ bèèrè pé ta ni yóò sanwó òru tí ó tẹ̀ lé e.

Kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni a mú wá síwájú Ẹgbẹ́.

Èkíní, kí ọkọ àti ìyàwó máa bèèrè ìbéèrè ní ilé ìwòsàn kí ọjọ́ tó pé: Bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, irú abẹ́rẹ́ wo ni ẹ óò lò? Oògùn wo ni ẹ óò fún un nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán? Ta ni yóò máa wò ó lóru? Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé a máa bi bíríkìlà léèrè bí òrùlé yóò ti rí.

Èkejì, kí Ẹgbẹ́ wa, láti Ọ̀sì dé Ìlọfà, bá àwọn ìlú tí ó yí wa ká pawọ́ pọ̀, kí a bi àwọn ilé ìwòsàn tí àwọn obìnrin wa ń lọ léèrè ohun tí wọ́n ṣe aláìní. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há orí ìka, tí ń sọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, iná tí kì í kú lóru, àti àgbá ọ́síjìn, kì í ṣe ohun tí ó ju agbára wa lọ. Àwọn baba wa kọ́ ilé ẹ̀kọ́ láti inú owó kòkó àti owó iṣu. Ẹni tí ó lẹ́rù ní í gbé e níbi tí ó wúwo.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Àwọn ìyàwó yín tí ó bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà mọ ohun tí a ń sọ, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti di ohun tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di mọ́fíìnì sínú àpótí wá sílé. Òfin àgbáyé ti ọdún 1961 dè é, òfin ilẹ̀ wa náà sì dè é. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni ó gbọdọ̀ gbà wọlé. Owó tí a fi rán nọ́ọ̀sì kan lọ kọ́ ìtọ́jú aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì àárín yín bá bá wọn sọ nígbà tí ẹ bá wálé lọ́dún, ni ẹ̀bùn tí a ń fẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro jù, nítorí pé kò gba owó. Ẹ jẹ́ kí àwa ìyá àti ìyá ọkọ yí ọ̀rọ̀ ẹnu wa padà. Obìnrin tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà tí ọmọ gbà wá kọ́ ni a fi ń mọ ìyá. Bí ó bá ní ó ń dun òun, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó mú ọkàn le. Ẹ dìde, kí ẹ lọ pe nọ́ọ̀sì. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí kò dìde ní òru àkọ́kọ́ yẹn, ó sì kù díẹ̀ kí a fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ san án. Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́ẹ̀kejì wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Òun ni ẹni tí ń sáré kiri láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí ẹ ti ń sọ fún pé kí ó jókòó.

 Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ ṣòfò ní ìlú wa. Àṣẹ.